Aṣọ Ẹbí Kò Lè Rọ́pò Owó Iṣẹ́

Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn tó ń tọ́jú kóòdù tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ímeèlì wọn. Ilé-iṣẹ́ DigitalOcean ti Amẹ́ríkà, tó ń fi sáfà háyà fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti ṣèlérí pé ẹni 70,000 àkọ́kọ́ tó bá fi àbá àtúnṣe mẹ́rin ránṣẹ́ sí àwọn iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó wà ní gbangba láàárín oṣù kẹwàá yóò gba tíṣẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ aṣọ lè ní kí wọ́n bá òun gbin igi. Hacktoberfest ni orúkọ àjọ̀dún náà. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀, ohun tí wọ́n sì ní àwọn ń fi ṣe ni ìrànwọ́ fún sọ́fítíwíà gbangba. Lọ́dún 2020, ìrànwọ́ náà dé bí ọ̀wọ́ eṣú ṣe ń dé sí oko àgbàdo.

Fún ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe tirẹ̀, àlàyé díẹ̀ yẹ níbí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń fi kóòdù sọ́fítíwíà wọn pamọ́, bí alásè tó kọ̀ láti sọ ohun tó fi sínú ọbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n yan ọ̀nà mìíràn: wọ́n tẹ́ kóòdù wọn sí gbangba, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni kà á, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Linux, tí Linus Torvalds kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì wà ní ìpìlẹ̀ Android tó ń bẹ nínú fóònù tí ìyá aláṣọ ní Gbàgí fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. VLC tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wo fíìmù wà lára wọn. Sọ́fítíwíà tó gbé Wikipedia èdè Yorùbá ró wà lára wọn pẹ̀lú. Ẹni tó bá rí àléébù nínú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ a kọ àbá àtúnṣe, a fi ránṣẹ́. Olùtọ́jú iṣẹ́ náà a kà á, a yẹ̀ ẹ́ wò finnífinní, a gbà á wọlé tàbí kó dá a padà. Púpọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí ló ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Kí wá ni ogunlọ́gọ̀ àwọn tó ń wá aṣọ fi ránṣẹ́ sí wọn? Ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ ìyìn kan kún àkọlé iṣẹ́ oníṣẹ́, ó ní òun ti ṣàtúnṣe. Ẹlòmíràn yọ àlàfo kan kúrò láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ó tún dá a padà nínú àbá kejì. Àwọn kan kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé ìtọ́sọ́nà sọ́fítíwíà tí wọn kò lò rí. Domenic Denicola, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ìwé ìlànà HTML tí gbogbo ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì gbé ara lé, kọ ọ̀rọ̀ síta ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án pé àjọ̀dún náà ń pa sọ́fítíwíà gbangba lára. Àbá kan ṣoṣo tí kò nítumọ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ olùtọ́jú nìkan: gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ náà ni ìkéde rẹ̀ ń kàn nínú ímeèlì wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹni 70,000 bá fi àbá mẹ́rin mẹ́rin ránṣẹ́ kí aṣọ tó pé wọn lọ́wọ́, àbá 280,000 nìyẹn. Bí olùtọ́jú bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 14,000 ni wọ́n lò. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ yóò fi ọjọ́ iṣẹ́ 1,750 ṣe é, láìsinmi, láìṣe ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó pín aṣọ ló ni orúkọ tó wà lára aṣọ. Ẹni tó gba aṣọ ló ni aṣọ. Àwọn tó ni wákàtí 14,000 ńkọ́?

Ìyìn tọ́ sí DigitalOcean nípa ohun kan, pé wọn kò di etí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá náà gan-an ni wọ́n yí òfin padà pé iṣẹ́ tí olùtọ́jú rẹ̀ bá fúnra rẹ̀ gbà láti kópa nìkan ni àbá yóò kà lórí rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n ti fi àmì-ẹ̀yẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò tíṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá àwọn ọmọ tó ń wá aṣọ lẹ́bi, wọ́n bú wọn, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bi díẹ̀ tọ́ sí wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọmọ tó sáré sí aṣọ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un ni. Wọ́n sọ fún un pé aṣọ ni ìrànwọ́, pé iye àbá ni iṣẹ́, pé ẹni tó bá ti wọ aṣọ ti di ara ẹbí. Inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àrùn wà.

Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìtumọ̀ aṣọ tí àwùjọ jọ ń wọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sin òkú bàbá rẹ̀ tàbí kó gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, yóò mú aṣọ, yóò dá iye lé e, àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan yóò rà á. Gbogbo ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí rí ló mọ̀ pé iye tí wọ́n dá lé e máa ń ga ju iye tí aláṣọ Balógun tà á. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí èrè orí rẹ̀, àfi bó bá ti pọ̀ jù. Wọ́n mọ̀ pé èrè náà ni yóò di màlúù, òun ni yóò di owó ìlù àti owó àga àti owó àtíbàbà. Olóde ló ń náwó, àlejò ń fi aṣọ bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ẹni tó wọ aṣọ ẹbí lè jókòó síbi tó bá wù ú, kó pe ẹni tó ń pín oúnjẹ lóhùn rara, nítorí pé ó ti san tirẹ̀. (Ẹni tó wá pẹ̀lú aṣọ ara rẹ̀ náà mọ irú ojú tí wọ́n máa fi wò ó nígbà tí jọ̀lọ́ọ̀fù bá kù díẹ̀.)

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ni pé wọ́n mú ìta àṣà yìí, wọ́n da inú rẹ̀ nù. Nínú tiwọn, ẹni tí kì í ṣe olóde ló ń pín aṣọ. Orúkọ rẹ̀ ló wà láyà aṣọ náà. Àwọn àlejò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì rọ́ lọ sílé olóde láti lọ jẹun. Olóde ni olùtọ́jú kóòdù. Kò mú aṣọ, kò dá iye lé e, kò rí èrè orí rẹ̀. Ó kàn rí èrò lẹ́nu ọ̀nà ni, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà, gbogbo wọn ń bèèrè pé kó fọwọ́ sí ìwé fún àwọn.

Ọdún ayẹyẹ kò wọ́n láàárín àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún tí wọ́n fi ń yangàn pé àwọn jẹ́ ẹni tí ìwé àti ẹ̀rọ ti kó sí lórí. Àwọn ará Spéènì ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2006, ọjọ́ tí fíìmù Star Wars kọ́kọ́ jáde ní 1977 ni wọ́n sì fi í rántí. Ọjọ́ kan náà ni àwọn mìíràn ń gbé táwẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká láti bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé Douglas Adams tó kú ní 2001. Debian ń ṣe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, nítorí pé ọjọ́ náà ni Ian Murdock kéde rẹ̀ ní 1993. Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án jẹ́ ọjọ́ òmìnira sọ́fítíwíà. Jímọ̀ọ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje wà fún àwọn tó ń tọ́jú sáfà àti kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Ted Kekatos ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2000 lẹ́yìn tó rí ìpolówó ọjà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi òdòdó àti apẹ̀rẹ̀ èso dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun wá fún wọn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ yóò gbà pé ọjọ́ kan lọ́dún kò pọ̀ jù.

Ènìyàn tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá nílò ìgbà tí yóò rí ojú àwọn tó dà bíi tirẹ̀. Aṣọ tó gbé àwòrán ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tàbí orúkọ Debian ní àyà lè mú kí àjèjì méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ta dé Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa gbogbo ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ rẹ́ kò mọ ohun tó ń gbé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ró. Ohun tó yẹ kí ènìyàn bèèrè nípa aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà tí owó rẹ̀ gbà.

Ẹ wo OpenBSD, tí ìbùdó rẹ̀ wà ní ìlú Calgary ní Kánádà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sísẹ́ àwo CD àti tíṣẹ́ẹ̀tì fún títà wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹja olójú rogodo kan tí wọ́n ń pè ní Puffy ló wà lára aṣọ wọn, àwòrán rẹ̀ sì ń yí padà bí ẹ̀dà tuntun bá ti ń jáde. Ẹni tó ra aṣọ náà ti san díẹ̀ nínú owó iná. Aṣọ ẹbí nìyẹn, bí ìyá Ìjẹ̀bú kan ì bá ṣe ṣe é. Ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni OpenSSH sì ti jáde ní 1999, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń ṣí ìlẹ̀kùn sáfà wọn láti òkèèrè. Báńkì ń lò ó. Ìjọba ń lò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ láyé ń lò ó lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn yìí kan náà kéde pé bí àwọn kò bá rí 20,000 dọ́là fún owó iná mànàmáná, ó lè jẹ́ pé wọ́n máa pa iṣẹ́ náà tì. Iná mànàmáná! Ní Kánádà! Ará Nàìjíríà tó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn olólùfẹ́ gbọ́, wọ́n dá owó, iná kò kú. Ohun tó yẹ kó dun ènìyàn ni pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń fi OpenSSH ṣọrọ̀ lè fi owó tí wọ́n fi ń ra kọfí fún òṣìṣẹ́ lóṣù san án tán, kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kúrò lápò àwọn.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Heartbleed bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni ayé gbọ́ pé ihò kan wà nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀-aṣínà àti nọ́ńbà káàdì báńkì bí wọ́n ṣe ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé olè sì lè gba ibẹ̀ jí ohun tó wà ní ìrántí sáfà láìfi ipasẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá bèèrè ta ni ń tọ́jú OpenSSL, ìdáhùn náà ba ojú jẹ́. Nǹkan bíi 2,000 dọ́là ni ọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kan. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi gbogbo àsìkò rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí ìròyìn tàn, nǹkan bíi 9,000 dọ́là wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là márùn-ún tàbí mẹ́wàá láti ọwọ́ ènìyàn lásán. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà padà wá dá owó nípasẹ̀ Linux Foundation, ṣùgbọ́n ilé ti jó kí wọ́n tó wá omi.

Ti Werner Koch ní Jámánì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ GnuPG, tí àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó ń sá fún ojú ìjọba fi ń pa ọ̀rọ̀ ímeèlì wọn mọ́. Edward Snowden lò ó. Láti ọdún 2001 títí di ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ProPublica kọ nípa rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2015, nǹkan bíi 25,000 dọ́là ló ń rí lọ́dún, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ó ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Snowden tó jáde ní 2013. Lẹ́yìn tí ìròyìn náà tàn, Facebook àti Stripe ṣèlérí 50,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un lọ́dọọdún. Ó dára. Ṣé ó yẹ kí akọ̀ròyìn kọ́kọ́ tú ìṣẹ́ oníṣẹ́ síta kí ẹni tó ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ranti rẹ̀?

Àṣà fífi aṣọ dúpẹ́ dípò owó yìí ti hàn kedere ní ibòmíràn rí, bí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ mọ́ sọ́fítíwíà gbangba. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ ààbò High-Tech Bridge ní ìlú Geneva fi àwọn ihò tí wọ́n rí lára ìbùdó Yahoo tó Yahoo létí. Ẹ̀bùn tí wọ́n rí gbà ni 12.50 dọ́là lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe owó tí ènìyàn lè ná bó ṣe wù ú: ọjà Yahoo nìkan ni wọ́n lè fi rà, tíṣẹ́ẹ̀tì, ife àti kálàmù tó gbé orúkọ Yahoo. Ayé pariwo. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀ràn náà ní Yahoo, Ramses Martinez, jáde wá ṣàlàyé pé òun ló ń fi aṣọ ránṣẹ́, pé owó ara òun ni òun tilẹ̀ fi ń rà á ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣe ibi. Ẹni tó ń dúpẹ́ láti inú àpò ara rẹ̀ ju ẹni tí kò dúpẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó fi í sílẹ̀ kó máa dá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ kàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n kéde pé láti 150 dọ́là dé 15,000 dọ́là ni àwọn yóò máa san. Owó náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú kò tíì tì wọ́n tó.

Àwọn kan yóò sọ pé aṣọ ọ̀fẹ́ ń mú àwọn ọ̀dọ́ wọlé, pé ẹni tó wá nítorí aṣọ lónìí lè di olùtọ́jú lọ́la. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, pàápàá ní Nàìjíríà. Ọmọ Yunifásítì tó ń kọ́ kóòdù lórí kọ̀ǹpútà àlòkù, tí iná kì í dúró fún, tó ń ra détà ní díẹ̀díẹ̀, aṣọ tó ti òkè òkun dé lè jẹ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó rí pé iṣẹ́ rẹ̀ dé ibì kan. Ó lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́. Nígbà tí Open Source Community Africa ṣe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020, ohun tó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ni ìgbàgbọ́ pé ọmọ Áfíríkà náà lè jẹ́ akọkóòdù tí ayé ń lo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣẹ̀sín kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ yìí gan-an ni irọ́ náà ń pa jù. Àbá kan tó nílárí, tó ní kí ó ka kóòdù fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó bi olùtọ́jú ní ìbéèrè, kó dá àṣìṣe rẹ̀ mọ̀, kó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sọ ọ́ di oníṣẹ́. Àbá mẹ́rin tó fi àmì ìdánudúró bọ inú gbólóhùn yóò fún un ní aṣọ. Nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá ṣí ojú-ewé rẹ̀ tó sì rí mẹ́rin wọ̀nyẹn, aṣọ kò ní gbà á sílẹ̀. Àwọn baba ṣáà ti sọ ọ́: aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Bí ó bá sì wá di olùtọ́jú tòótọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ipò Werner Koch ni wọ́n ti ń tọ́jú dè é, àfi pé òun kò ní gbé Jámánì, kò sì ní ìjọba tí yóò gbà á lọ́wọ́ ebi.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbé ẹrù yìí wà nítòsí pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ owó orí fóònù tí kò lo Linux ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Púpọ̀ ló ń kó àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà sínú PostgreSQL, tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún. Bí wọ́n bá ṣe àpérò fún àwọn akọkóòdù, wọ́n á tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pín sítíkà, wọ́n á gbé DJ wá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn sọ́fítíwíà gbangba. Bí a bá bi wọ́n ní iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí PostgreSQL lọ́dún tó kọjá, wọ́n á ní dọ́là ti wọ́n. Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì ni? Dọ́là kan náà ni wọ́n fi ń san owó sáfà lóṣooṣù fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, wọn kì í sì í jẹ gbèsè rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni sáfà yóò pa á. Ẹni tó ni kóòdù kò ní pa nǹkan kan. Òun ni wọ́n ṣe lè gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò fara sin mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n pè ní Open Source Pledge, tí ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa san ó kéré tán 2,000 dọ́là lọ́dún fún àwọn olùtọ́jú, lórí akọkóòdù kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjọba Jámánì gbé àpò owó kan kalẹ̀ ní 2022, Sovereign Tech Fund, láti máa náwó sórí irú kóòdù yìí bí wọ́n ṣe ń náwó sórí afárá. Wọ́n fún GNOME ní mílíọ̀nù kan yúrò. Láti 2019 ni GitHub ti ṣí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi owó ránṣẹ́ tààrà sí olùtọ́jú. Bí 2,000 dọ́là bá wúwo jù fún ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, kí wọ́n san 200. Bí wọn kò bá lè san owó rárá, kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa tún àléébù ṣe nínú ohun tí wọ́n ń lò, láti kọ ìwé ìtọ́sọ́nà, láti dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ tuntun. Ìyẹn náà jẹ́ owó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀, irú ẹ́ àti ọ̀, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí, bí fọ́ńtì kò bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmì náà a fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé. Lára àwọn fọ́ńtì tó kọ́kọ́ gbé e dúró dáadáa ni Gentium, Charis àti Doulos ti àwọn SIL, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, kóòdù wọn sì wà ní gbangba. Keyman, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ èdè tí bọ́tìnnì òyìnbó kò mọ̀, wà ní gbangba pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí Niger-Volta LTI ṣe láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ ní pẹlẹbẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù tó ń fi Yorùbá polówó ọjà láìsí àmì ohùn kan lórí rẹ̀, tí igbá fi ń di igba, tí ọkọ̀ fi ń di ọkọ, ní irinṣẹ́ yìí níwájú wọn láìsan nǹkan kan.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Oṣù kẹwàá yóò tún dé, wọ́n á tún tẹ aṣọ. Kí ẹni tó bá gba ọ̀kan wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, kó ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó wá orúkọ sọ́fítíwíà kan tó lò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó wo iye ènìyàn tó ń tọ́jú rẹ̀ àti ìbéèrè mélòó tó wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn. Kó mú ọ̀kan nínú wọn. Kí ọ̀gá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ sì bèèrè lọ́wọ́ akápò iye tó ná wọn láti tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì àpérò ọdún tó kọjá, kí wọ́n sì fi iye kan náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ kóòdù náà kí oṣù tó parí.